Orúkọ Tí Ọlápọ̀sí Pa Rẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá mọ Bajulaiye ní Ṣómólú á mọ bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Jẹnẹrétọ̀ á máa kérora níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà á máa dún gbì-gbì, òórùn tàdáwà á sì gba gbogbo àdúgbò.

Ibẹ̀ ni Ọlápọ̀sí, ọmọ Sabina ẹ̀gbọ́n mi, ti ń tẹ̀wé. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ìjọ, pósítà olóṣèlú, kò sí èyí tí kì í tẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà nínú yàrá ẹ̀yìn, òun ni gbogbo kọ̀ǹpútà iwájú so mọ́, inú ẹ̀ ni wọ́n ń kó iṣẹ́ sí. Ẹ̀rọ kan sì wà lára ẹ̀ tó ń gbé téèpù mì, bíi téèpù orin ayé ijọ́sí. Bí kọ̀ǹpútà bá kú, ohun tó wà lórí téèpù ni wọ́n á fi jí iṣẹ́ dìde.

Bọ́dúndé ló to gbogbo ẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ọlápọ̀sí ló ti kọ́ṣẹ́ títí ó fi di ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà. Ìgbà tó yá, ó rin ìrìn àjò lọ sí London láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó débẹ̀ tán ló tó pè.

Inú bí Ọlápọ̀sí kọjá ààlà. Ó pa nọ́ńbà ọmọ náà rẹ́ lórí fóònù, ó sì ní kí Fadékẹ́, ọmọbìnrin tó ń bá a tẹ ọ̀rọ̀, yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Fadékẹ́ bèèrè bóyá kí àwọn kọ́kọ́ bi Bọ́dúndé ohun tó ń fi orúkọ yẹn ṣe.

Ọlápọ̀sí ní, "Yọ ọ́. Mi ò fẹ́ rí orúkọ aláìmoore yẹn níbí mọ́."

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní kó rọra. Ó ní kí n má dá sí i.

Ẹ̀yìn èyí ni Sabina bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé ìtàn abúlé wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn wa, ẹ mọ̀ pé òkun ló gbé Òbé-Ọmọ́láyé, abúlé wa. Èmi ti wá sílé ọkọ ní Bàrígà láti kékeré, ojú mi kò tó o. Sabina ló kù nínú àwọn tó rí i. Ó mọ ẹni tó múlé ti ẹni, ó mọ ibi tí wọ́n sin ẹni kọ̀ọ̀kan sí, ó mọ orin tí wọ́n fi ń fa àwọ̀n. Á jókòó ti Fadékẹ́, á máa sọ ọ́, ọmọ yẹn á máa tẹ̀ ẹ́.

Bí Fadékẹ́ bá ṣi orúkọ ẹja kan tẹ̀, Sabina á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, inú ọbẹ̀ nìkan lẹ ti mọ ẹja." Àwọn méjèèjì á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Fadékẹ́ á ki téèpù bọ ẹ̀rọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé á yọ ọ́, á kọ déètì sí i lára, á tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Àmọ́ gbogbo ọjọ́ Ajé yẹn náà ni àmì pupa kan máa ń yọ lójú kọ̀ǹpútà ńlá, pẹ̀lú òyìnbó gbọọrọ. Nígbà àkọ́kọ́, ó pe Ọlápọ̀sí wá wò ó. Oníbàárà kan ń bá a jà lórí pósítà lọ́wọ́.

Ó bi í pé, "Ṣé iṣẹ́ ń lọ?"

"Ó ń lọ, sà."

"Pa á dé nígbà yẹn."

Láti ọjọ́ yẹn, Fadékẹ́ kì í kà á mọ́. Ṣe ló máa ń pa á dé.

Sabina kú nígbà tí ìwé náà parí tán. A ní a ó pín in níbi ìsìn ìrántí ẹ̀. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, iná ìjọba já wọlé pẹ̀lú ìbínú, ó jó kọ̀ǹpútà ńlá. Orí ló yọ ẹ̀rọ téèpù. Ọlápọ̀sí kò tilẹ̀ mikàn. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù hàn mí bí ẹni ń fi àká hanni. Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Téèpù wà."

Wọ́n ra kọ̀ǹpútà mìíràn, wọ́n sì pe Oyinkọ́lá, ẹnjinníà tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà àwọn ọ́fíìsì kan ní Akoka. Ó ki téèpù tó gbẹ̀yìn bọnú ẹ̀rọ. Kò sí nǹkan kan. Ó ki òmíràn bọ̀ ọ́, òfìfo. Ọlápọ̀sí ní eruku bébà ló dí ẹ̀rọ lẹ́nu. Oyinkọ́lá fi téèpù ìnu-ẹ̀rọ nù ún, òfìfo náà ni. Ló bá fi ọ̀kan tó ti pẹ́ dán an wò. Ìyẹn tú gbogbo ohun inú ẹ̀ jáde: káàdì ìgbéyàwó àwọn tó ti kọ ara wọn sílẹ̀, pósítà ẹni tó ti fìdí rẹmi nínú ìbò. Ẹ̀rọ kò ní àìsàn kankan.

Oyinkọ́lá wo ètò iṣẹ́ tó bá orí téèpù àtijọ́ náà. Ó gbójú sókè.

"Ta ló ń jẹ́ Bọ́dúndé níbí?"

Ọlápọ̀sí ní, "A kì í dárúkọ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi."

Oyinkọ́lá ní, "Ọ̀gá, orúkọ ẹ̀ ni ẹ̀rọ yín fi ń wọlé. Lórí Windows tẹ́ ẹ fi so kọ̀ǹpútà yín pọ̀, ohun tí kò bá ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù kò lè fọwọ́ kan iṣẹ́ yín. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ á fẹ́ kó iṣẹ́ sórí téèpù. Wọ́n á bi í pé, ta ni ọ́? Á ní, Bọ́dúndé ni. Látìgbà tẹ́ ẹ ti yọ Bọ́dúndé, wọ́n ń dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé kọ̀ǹpútà kò sọ fún yín ni?"

Fadékẹ́ bú sẹ́kún. Ó ní, "Ó ń sọ. À ń pa á dé."

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tó jó lọ fún àwọn tó ń tú inú ẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan yọ níbẹ̀, wọ́n gbé e padà bẹ́ẹ̀. Bọ́dúndé pè láti London láti kí Ọlápọ̀sí kú ọ̀fọ̀ ìyá ẹ̀. Ó ní ká ní wọ́n bi òun ni, òun ì bá ti sọ orúkọ tí wọn ì bá fi rọ́pò tòun.

Níbi ìsìn ìrántí, àwọn èèyàn wa ń wojú wa pé kí ìwé dé. Ọlápọ̀sí dìde láti ṣàlàyé, ó tún jókòó. Àwọn ọmọ kéékèèké yí mi ká, wọ́n ní kí n sọ̀tàn abúlé fún wọn. Mo dárúkọ abúlé, mo dárúkọ bàbá wa. Ibi tí mo mọ ọ́n mọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ní Ṣómólú tàbí níbòmíràn, ẹ gbọ́ ohun tí Oyinkọ́lá wí. Déètì ara téèpù kò túmọ̀ sí pé nǹkan wà nínú ẹ̀. Ẹ máa ṣí i lóòrèkóòrè, ẹ mú iṣẹ́ kan jáde nínú ẹ̀, ẹ kà á. Ẹ fún iṣẹ́ ìkópamọ́ ní orúkọ tirẹ̀, ẹ má so ó mọ́ orúkọ òṣìṣẹ́ kankan. Bí òṣìṣẹ́ bá lọ, kódà bó bínú lọ, ẹ bèèrè ohun tí orúkọ ẹ̀ ń ṣí kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Àmì pupa tó bá yọ, ẹ kà á tán. Bí òyìnbó ẹ̀ bá le, ẹ pe ẹni tó gbọ́ ọ. Kẹ́ ẹ sì ní ẹ̀dà mìíràn tí kò sí nínú ilé kan náà.

Ẹ ṣe é nígbà tí ẹni tó lè tún un sọ ṣì wà láàyè.