Òkúta Wẹ́wẹ́ Ẹnu Ihò

Ọjọ́ tí èéfín yọ lọ́nà ìlú Ṣúpárè, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó ń dáná. Ogun Tápà ti dé. Gbogbo àdúgbò sá gun òkè Ọ̀kà lọ sínú ihò àpáta, tàwọn tewúrẹ́ wọn.

Mọ́júbọ́lá ló kó àwọn ọmọdé gòkè. Òun náà ló máa ń tọ́jú wọn bí àwọn ìyá wọn bá lọ sóko. Á da èkùrọ́ sílẹ̀, á ní kí wọ́n fojú díwọ̀n iye rẹ̀.

"Ó tó ẹgbẹ̀rún!" ni ọ̀kan á wí.

"Ẹnu rẹ ló tó ẹgbẹ̀rún. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kà á. Ẹ̀kúnwọ́ mélòó ló wá kù nílẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ lojú wọn ṣe mú.

Ṣùgbọ́n a kì í ka èèyàn, èèwọ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá wọ ihò á ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú agbọ̀n. Baálé kọ̀ọ̀kan ti sọ iye òkúta ilé rẹ̀ fún Ọlálérè, olórí ọdẹ, tó jókòó ti agbọ̀n náà. Bí òkúta bá pé, kí wọ́n yí àpáta dí ẹnu ihò.

Pátákò ẹṣin ń dún nísàlẹ̀.

"Ó pé!" ni Ọlálérè wí.

Ọdúnayọ̀, ọmọ ọdún méje, fa ìró Mọ́júbọ́lá. "Ìyá, ṣé àwa ọmọdé ò pọ̀ ju báyìí lọ nígbà tá a ń gòkè? A dín o."

Mọ́júbọ́lá wo àwọn ọmọ náà. "Olúọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ojú mi ní ọmọ kan dín."

"Ojú ẹ̀rù nìyẹn, Ìyá. Èkùrọ́ lẹ fi ń ṣeré, ogun rèé. Òkúta kì í purọ́."

Obìnrin tó ti fọdún mẹ́wàá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti gba ojú wọn gbọ́, kò gba tirẹ̀ gbọ́. Wọ́n yí àpáta. Òkùnkùn bolẹ̀.

Nínú òkùnkùn náà ni ìyàwó kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wá láti Ìkàrẹ́, tí oyún rẹ̀ ti gbó, sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé: "Ẹ má bínú o. Òkúta méjì ni mo jù. Èmi àti ẹni tó wà nínú mi. Àbí òun kì í ṣe èèyàn ni?"

Mọ́júbọ́lá ti ń fọwọ́ pa orí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ wọn. Ó pe Ìbídùn, ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó tún un pè.

Ìta ni ohùn ọmọ náà ti dáhùn. "Ìyá àgbà, èmi ni. Ẹ ṣí i fún mi."

Ọwọ́ mẹ́ta ló bo Mọ́júbọ́lá lẹ́nu. "Bá a bá ṣí i, gbogbo wa ni wọ́n máa kó," ni Ọlálérè wí sí i létí.

Ẹṣin yán. Wọn ò gbọ́ ohùn ọmọ náà mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ṣí ihò. Mọ́júbọ́lá ò yà nílé. Ó tọ ipasẹ̀ ẹṣin tó kọrí sí ìhà àríwá, ọ̀nà tí àwọn Tápà fi okùn fa àwọn ará Ṣúpárè gbà. Wọ́n pè é títí, kò wẹ̀yìn. Àwọn tó dúró lórí òkè ń wò ó bó ṣe ń kéré sí i, títí wọn ò fi mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń wò tàbí kùkùté.