Kúbúrátù àti Ẹnjiníà Omi Ìdọ̀tí

"Kí lẹ ń dà sínú omi yẹn?"

Ọ̀rọ̀ tí Kúbúrátù kọ́kọ́ bá Ernest sọ láyé nìyẹn, igbe ló sì fi sọ ọ́. Ẹ̀yìn odò ẹran ni wọ́n wà, ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́dún 1983 tí onígbáméjì ń jà. Nọ́ọ̀sì ni Kúbúrátù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ méjì ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù. Bó ṣe gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ sílé wọn ní Pòrògún, ó rí ọkùnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà, tó wọ ìbọ̀wọ́, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí gọ́tà ńlá tí ẹ̀jẹ̀ ẹran àti ìdọ̀tí ọjà ń gbà kọjá. Àwọn ìgò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kúbúrátù figbe ta. "Ẹ gbà wá o! Ẹni tó ń da májèlé sómi rèé o!"

Kíá, àwọn alápatà ti tú jáde. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan di ọkùnrin náà lọ́rùn ẹ̀wù mú.

"Mi ò da nǹkan kan sí i!" ọkùnrin náà kígbe. "Mò ń bù ú lọ yẹ̀ wò ni! Ẹ wò ó, ẹ bá mi wò ó!"

Ó na ìgò kan sókè. Omi dúdú ló wà nínú rẹ̀. Kúbúrátù wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé ẹni tí ẹ̀rù ikú ń bà ni, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ pa èèyàn. Ìgbà yẹn gan-an ni jìnnìjìnnì wá bò ó. Bí wọ́n bá pa ọkùnrin yìí, ẹnu òun ló pa á.

Ó kó sáàárín wọn. "Ẹ fi í sílẹ̀! Èmi ni mo ṣì í wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, èmi ni!"

Àwọn alápatà bú u dáadáa kí wọ́n tó padà sídìí ẹran wọn. Ọkùnrin náà jókòó sórí òkúta.

"Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí," ó ní, "ẹ̀yin náà lẹ tún gbà mí sílẹ̀. Èwo ni kí n kí yín fún nínú méjèèjì?"

"Ẹ má bínú." Omijé ti dé ojú Kúbúrátù. "Omi yìí ló ń pa àwọn ọmọ wa. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Òun ló ń ba èmi náà. Ìdí tí mo fi wà níbí nìyẹn."

Ernest Bọ́dúnrìn lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ayépé ni, ẹnjiníà ni lọ́fíìsì omi. Ó ṣàlàyé fún un pé ìjọba fẹ́ yá owó lókè òkun láti fi gbẹ́ àwọn adágún ńlá sí ìsàlẹ̀ ìlú. Gbogbo omi ìdọ̀tí inú gọ́tà ni wọn yóò darí síbẹ̀, wọn yóò jẹ́ kó tòrò, wọn yóò fọ̀ ọ́ mọ́, wọn yóò sì tún un lò fún oko ẹ̀fọ́ àti iléeṣẹ́. Omi ẹ̀rọ yóò wá kù fún mímu.

"Ó ṣeé ṣe?" Kúbúrátù bi í.

"Ó ṣeé ṣe, tí wọ́n bá ṣe é."

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "tí wọ́n bá ṣe é," ni Kúbúrátù gbé sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò tíì gbọ́ kí ènìyàn ìjọba kan sọ irú rẹ̀ rí.

Bí wọ́n ṣe ń pàdé nìyẹn. Ernest á ya sí wọ́ọ̀dù lọ béèrè àdúgbò tí àwọn aláìsàn ti wá, Kúbúrátù á bá a tọ́ka sí i. Nígbà tó yá, kò sí àdúgbò tí wọ́n ń béèrè mọ́. Ìfẹ́ ti wọlé, ó sì ti jókòó. "Ẹ" ti di "ìwọ", Kúbúrátù ti di "Kúbú mi".

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà nínú ìfẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Kúbúrátù, Alhaji Sàlàkọ́, oníṣòwò aṣọ, ni olórí àwọn onílé ní Pòrògún. Òun nìkan ló tọ́ Kúbúrátù láti kékeré tí ìyá rẹ̀ ti kú. Kò fẹ́ràn Kìrìsìtẹ́nì fún ọmọ rẹ̀. Èyí tó tún wá burú jù ni pé kò sí ohun tó kórìíra láyé tó gbèsè.

Ọjọ́ tí ọ́fíìsì omi pe àwọn ará ìlú sí gbọ̀ngàn ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Ọ̀gá Ernest, Ọ̀gbẹ́ni Gilbert, ló ń sọ̀rọ̀. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé ẹ fẹ́ ká máa mu ìtọ̀ ara wa ni?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Alhaji Sàlàkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde.

"Ọ̀gá, owó tí ẹ ń sọ yìí, ṣé ẹ̀bùn ni àbí ẹ̀yáwó?"

"Owó ìjọba ni, Alhaji. Kò kàn yín."

"Mo ní ta ni yóò san án?"

"Ìjọba ni yóò san án! Ẹ fọkàn balẹ̀."

Kúbúrátù rí i tí Ernest dìde níbi tó jókòó sí lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Ó fẹ́ kígbe pé kó jókòó.

"Bàbá," Ernest ní, "àwa náà la máa san án. Ẹ̀yáwó ni. Owó orí wa ni wọ́n á fi san án, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ wa bá wa san nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wá wo iṣẹ́ náà bí a bá bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe é dáadáa, a ó jèrè rẹ̀. Tí wọn ò bá ṣe é dáadáa, a ó san gbèsè, a ò sì ní rí omi."

Gbọ̀ngàn dàrú. Gilbert yíjú sí Ernest, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ba Kúbúrátù lẹ́rù ju ariwo lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Kúbúrátù jẹ́wọ́ ìfẹ́ òun àti Ernest fún bàbá rẹ̀. Alhaji gbọ́ ọ tán. Kò jágbe mọ́ ọn.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé mo ti sọ fún ọ rí pé mo ṣe ìwọ̀fà?"

Kúbúrátù mi orí. Kò gbọ́ ọ rí.

"Àbúrò bàbá mi ló yáwó fi ṣe òkú. Kò rí i san, wọ́n bá fi èmi sílé olówó ní Ibefun. Mo kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ́ fi ga jù mí lọ. Mò ń ro oko olówó, owó náà kò dín, nítorí èlé lásán ni iṣẹ́ mi. Mi ò jẹ nínú ẹran òkú yẹn, mi ò mu nínú ọtí rẹ̀. Mi ò mọ olówó náà rí kí wọ́n tó fà mí lé e lọ́wọ́. Ọmọ ẹni tí kò yá a ló ń san án, Kúbú. Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ṣe máa ń rí. Nísinsìnyí, ọkùnrin tí yóò fi gbogbo ìlú ṣe ìwọ̀fà ni o fẹ́ mú wá bá mi?"

Kúbúrátù kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń sunkún.

Wọ́n yá owó náà. Agbaṣẹ́ṣe dé, ó gbẹ́ kòtò ràgàjì sí ìsàlẹ̀ ìlú, kò sì fi símẹ́ńtì kan ibẹ̀. Ernest ń kígbe ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kó lọ jókòó. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ṣọ́jà gbàjọba. Agbaṣẹ́ṣe sá kúrò ní Nàìjíríà. Gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí ẹ̀yáwó ìjọba alágbádá ni wọ́n ń wá kiri.

Ìpayà dé. Tí ọkọ̀ bá dúró níwájú ilé, Kúbúrátù á di ògiri mú.

"Sá lọ," ó bẹ Ernest. "Lọ sí Kùtọnu. Màá wá bá ọ níbẹ̀."

"Tí mo bá sá, mo ti di olè nìyẹn, ọkàn mi. Wọn ò sì ní fi ìyá mi sílẹ̀."

Ọjọ́ Ìsinmi kan, Ernest mú un lọ kí ìyá rẹ̀, Mama Rose, ní Ayépé. Opó díákónì ni, kò sì fi bò pé inú òun kò dùn.

"Orúkọ rẹ ń kọ́?"

"Kúbúrátù, mà."

"Hùn. Kò sí Sẹ́rà, kò sí Rèbékà."

Kúbúrátù rẹ orí sílẹ̀. Wọn ò tíì bu ìkọ́kọrẹ́ tó wà lórí iná nígbà tí Lándírófà dé. Ṣọ́jà mẹ́ta ló sọ̀ kalẹ̀. Òjò ń rọ̀, ojú kò tíì ṣú. Wọn ò béèrè nǹkan púpọ̀. Wọ́n fa ọwọ́ Ernest sẹ́yìn, wọ́n sì dè é.

"Kúbú," ó ní, "má ṣe jẹ́ kí Màmá dá wà."

Ọkọ̀ náà lọ. Mama Rose ṣubú lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Kúbúrátù lọ gbé e, kò lè gbé e, ló bá jókòó tì í nínú òjò, ó gbé orí rẹ̀ lé itan ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún béèrè Sẹ́rà tàbí Rèbékà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Abẹ́òkúta ni wọ́n gbé Ernest lọ. Àwọn obìnrin méjèèjì ń gbé oúnjẹ lọ, ṣọ́jà ẹnu géètì ń gbà á, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n rí i. Ṣé ó ń jẹ ẹ́? Ṣé ó ṣì wà láàyè? Wọn ò mọ̀. Ìròyìn kan ṣoṣo ló ń jáde: Gilbert ti sọ pé Ernest ló bá agbaṣẹ́ṣe mulẹ̀, pé òun ló fọ̀rọ̀ dídùn tan àwọn onílé kí wọ́n lè gba ẹ̀yáwó náà wọlé. Bí ìyẹn bá múlẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀gá ṣọ́jà kan dé Pòrògún. Ó ní kí Alhaji Sàlàkọ́, olórí àwọn onílé, wá jẹ́rìí ní Abẹ́òkúta.

Kúbúrátù dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá rẹ̀ bí ọkùnrin. "Bàbá mi, kí lẹ máa sọ?"

"Ohun tí etí mi gbọ́."

"Ẹ dákun—"

"Dìde. Mo ní ohun tí etí mi gbọ́."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí wọ́n fi dé Abẹ́òkúta. Kúbúrátù wo ẹ̀gbẹ́ ojú bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀, kò rí nǹkan kà níbẹ̀. Ọkùnrin tó kórìíra gbèsè, tó kórìíra àna Kìrìsìtẹ́nì, ni wọ́n fa ọ̀bẹ lé lọ́wọ́ yìí. Gbólóhùn kan péré ló kù kí ó sọ, kí ó sì rí ọmọ rẹ̀ gbà padà.

Mama Rose ti dúró dè wọ́n lábẹ́ igi máńgòrò níta. Alhaji wọlé. Àwọn obìnrin méjì náà di ọwọ́ ara wọn mú. Ọ̀kan ń pe Jésù, èkejì ń ka ìwọ̀nba tó rántí nínú Àlùkùráánì, ohùn àwọn méjèèjì sì dàpọ̀.

Nígbà tí Alhaji jáde, ó rìn bọ̀ jẹ́jẹ́, ó jókòó sórí gbòǹgbò igi. Ó nu ojú rẹ̀.

"Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn. Mo ní rárá."

Mama Rose pariwo.

"Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi, ìyá. Wọ́n ní ṣé ó tàn wá? Mo ní rárá. Mo ní nínú gbogbo àwọn tó wá bá wa sọ̀rọ̀ owó yẹn, òun nìkan ló sọ fún wa pé gbèsè ni. Mo ní òun ló ní ká máa wá wo iṣẹ́ náà. Ẹni tó fẹ́ jalè kì í pe onílé kó wá máa ṣọ́ òun. Gilbert wà níbẹ̀, mo wò ó lójú, mo sì tún un sọ."

"Bàbá mi!" Kúbúrátù dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Má tíì dúpẹ́. Wọn ò tíì tú u sílẹ̀. Ojú ọ̀gá wọn kò dára nígbà tí mo ń jáde." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Kúbúrátù kò tíì gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ kó gbọ̀n rí. "Ó ṣeé ṣe kí wọ́n wá mú èmi náà."

Wọn ò wá mú un. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé kò sùn dáadáa títí di ìgbà tí wọ́n tú Ernest sílẹ̀, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ Pòrògún, tó rù kan eegun, tí irun funfun ti yọ ní orí ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kòtò ìsàlẹ̀ ìlú ṣì la ẹnu sílẹ̀, ìlú sì ti ń san gbèsè rẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji. Alhaji wò ó pẹ́.

"Ọmọ Ayépé, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó wù mí kí o máa kírun."

"Mo mọ̀, sà."

"O ò ní kírun."

"Rárá, sà."

Alhaji mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ó sàn kí n fi ọmọ mi fún ẹni tí kò lè purọ́ fún mi, ju kí n fi í fún Mùsùlùmí tó lè tàn mí. Jókòó. Kúbú, bu oúnjẹ fún un, ó ti gbẹ."

Ọjọ́ ìgbéyàwó, kọ́ọ̀tù ni wọ́n lọ, kí Bíbélì àti Àlùkùráánì má bàa jà. Mama Rose wọ fìlà gogoro ti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, Alhaji wé láwàní, wọ́n jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan. Kúbúrátù wọ léèsì funfun. Ernest wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí.

Akọ̀wé kọ́ọ̀tù yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ké rara:

"Ernest Bọ́dúnrìn!"

Ernest fò dìde. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó so wọ́n pọ̀, ó dúró gangan bí ìgbà tó wà lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà, ó ń retí.

Kúbúrátù dìde. Ó rọra tú ọwọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, ìka kan tẹ̀lé ìkejì, bí ẹni tó ń tú okùn. Ó di ọ̀kan mú.

"Èmi nìyí, olówó orí mi," ó sọ fún un. "Àwa ni wọ́n ń pè. Jẹ́ ká lọ."