Màmá Wo Ló Ni Oògùn?

Ìbéèrè ló jẹ́ kí Lará kọ́kọ́ gbójú sókè wo Rótìmí dáadáa. Ọdún 1985 ni, nínú yàrá ìjẹun ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Alief, nílùú Houston. Nọ́ọ̀sì ni Lará. Ó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe lè fún àwọn arúgbó lóògùn láìṣe wọ́n léṣe. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé oògùn kan wà tí wọn ò gbọ́dọ̀ lọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló máa ṣẹlẹ̀ téèyàn bá lọ̀ ọ́?" Rótìmí béèrè látẹ̀yìn.

"Gbogbo agbára ẹ̀ á wọra lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kó máa wọlé díẹ̀díẹ̀."

"Á jẹ́ pé oògùn yẹn mọ aago. Ta ló kọ́ ọ?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Lará ò rẹ́rìn-ín. Kò tíì sẹ́ni tó bi í ní ohun tí kò ní jáde nínú ìdánwò rí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Bí kíláàsì bá ti parí, Rótìmí á dúró. Á ní òun fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń ka bí ọkàn ṣe ń lù kí wọ́n tó fún èèyàn ní oògùn ọkàn. Lará á di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú, á máa kà á sí i létí. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́ wọ orí ọkùnrin tí wọ́n dì lọ́wọ́ mú báyẹn?

"Tìẹ ń sáré jù," Lará wí fún un lọ́jọ́ kan.

"Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀ mà. Ẹni tó dì í mú ni."

Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o", tí "nọ́ọ̀sì" sì di "ayọ̀ mi". Lọ́jọ́ ìsinmi, Rótìmí á wa ọkọ̀ gbé Lará lọ kí bàbá Lará ní League City, wọ́n á sì máa jiyàn lójú ọ̀nà títí wọ́n á fi débẹ̀. Lará nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sì fi bò.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́ lóminú. Rótìmí ò lè pe àgbà lórúkọ. Gbogbo obìnrin ilé náà ni "Màmá", gbogbo ọkùnrin ni "Dádì". Àwọn arúgbó náà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an nítorí ẹ̀.

"Orúkọ la fi ń mọ ẹni tó ni oògùn," Lará kìlọ̀ fún un. "Pe orúkọ, kó o sì ka èyí tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́wọ́."

"Obìnrin tó dàgbà ju ìyá mi lọ? Kí n la ẹnu kí n pè é ní Dorothy?"

"Fi Missis síwájú ẹ̀ tó bá ń ni ọ́ lára. Ṣáà pè é."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Obìnrin arúgbó méjì ló wà nínú yàrá tí wọ́n fún Rótìmí. Ó fọwọ́, ó mú oògùn ọkàn tó tọ́, ó wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Ó wá dúró láàárín yàrá.

"Good morning, Mama. You ready for your medicine?"

Èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé rẹ́rìn-ín, ó lanu. Ẹni tó ni oògùn ń sùn ní tiẹ̀. Rótìmí ti gbé ife dé ètè ìyá náà kí Lará tó gbá ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Ta lo fẹ́ fún?"

"Màmá."

"Màmá wo?"

Rótìmí wo orúkọ tó wà lọ́wọ́ ìyá náà, ó sì gbé ife sílẹ̀. Ó mọ ohun tí oògùn ọkàn lè ṣe fún ẹni tí kò ní àrùn ọkàn. Òun fúnra ẹ̀ ló béèrè ẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì.

"Mi ò lè fún ẹ ní páàsì, Rótìmí," Lará wí.

Ọ̀dọ̀ Dàpọ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ni Rótìmí ń gbé. Inú bí Dàpọ̀ gidi. "Obìnrin tó dójú tì ẹ́ níwájú òyìnbó, ṣé òun lo fẹ́ mú wọlé? Kò ní wọ ìdílé yìí." Rótìmí ò pe Lará lórí fóònù mọ́. Lará náà sunkún, ó nu ojú ẹ̀, ó padà sí kíláàsì.

Ìyá wọn, tó wá láti Abẹ́òkúta wá wẹ ọmọ Dàpọ̀, ò bínú. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn yàtọ̀. "Kí lọmọ yẹn rí tó fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn?" Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó wé gèlè, ó kó àwọn oògùn ẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ní kí Rótìmí gbé òun lọ sọ́dọ̀ Lará.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Wọ́n ní ó mọ oògùn."

Lará kúnlẹ̀ kí i. Kò wo ojú Rótìmí. Ó to àwọn ìgò náà sórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ yín?"

"Ìyá Dàpọ̀."

"Èyí tó wà lára ìgò ni mo ń béèrè mà."

Rótìmí yí ara padà lórí àga.

"Ọmọ́bọ́lá," ìyá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bàbá Dàpọ̀ nìkan ló kù tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Látìgbà tó ti kú, mi ò gbọ́ ọ mọ́."

Lará rọra yí ìgò kan sí i. "Èyí kì í ṣe tiyín mà. Ọlákúnlé ló wà lára ẹ̀."

"Ti Bàbá Dàpọ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ló ṣe é. Mo ní kó má ṣòfò."

"Ṣé òòyì kì í kọ́ yín tí ẹ bá lò ó?"

"Lójoojúmọ́ ni. Mo rò pé ooru Houston ni."

Rótìmí dìde lórí àga. "Lará, èmi ni mo máa ń gbé e fún wọn láràárọ̀, pẹ̀lú omi. Mo ṣáà mọ̀ pé oògùn Màmá ni. Mi ò ka ara ẹ̀ rí." Ó dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. "Mo jẹ̀bi, ayọ̀ mi. Jọ̀ọ́, má bínú."

Lará wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ rí dókítà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ya oògùn bàbá sọ́tọ̀, ó mú tìyá, ó sì kúnlẹ̀ láti gbé e fún un.

Ìyá ò na ọwọ́. "Pè mí ná."

"Mà?"

"Orúkọ mi. Bó o ṣe ń kọ́ wọn."

Ẹnu Lará wúwo. Ìyá ọkùnrin tó fẹ́ràn mà nìyí. "Màmá Ọmọ́..."

Ìyá náà mirí pé rárá.

"Ọmọ́bọ́lá," Lará wí.

"Hùn," ìyá dá a lóhùn, ojú ẹ̀ kún fún omi. Ó la àtẹ́lẹwọ́, ó gba oògùn náà.

"Rótìmí, dìde nílẹ̀. Lọ bá ìyàwó ẹ bu omi wá."