Ọwọ́ Tó Ń Kọ̀wé Sára Ògiri

Kò síbi tí òfin ìjọba ti pọ̀ tó ìdí ẹ̀rọ omi. Níbẹ̀ ni Ìyá Ìbejì, télọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ti gbọ́ lẹ́nu Bàbá Káfíńtà pé ẹni tó bá ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́. Wọ́n á ní ó ti rí ṣe, wọ́n á gé owó náà. Owó yẹn sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń jẹun.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń wù ú kọjá sísọ. Ó ra ìwé ìṣirò àlòkù kan láti fi múra ìdánwò àtiwọlé, ó fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ oníbàárà. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò yọ́ wọ ilé ahoro ẹ̀yìnkùlé wọn, yóò fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ ṣe ìṣirò sára ògiri ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ta ni yóò wá a débẹ̀? Gbogbo àdúgbò ló gbà pé ibẹ̀ ò dáa.

Lọ́jọ́ kan, ó débẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti fagi lé ìdáhùn rẹ̀ tí kò tọ̀nà, wọ́n sì ti kọ èyí tó tọ́ sí abẹ́ rẹ̀.

Orí rẹ̀ wú. Ó wo eruku ilẹ̀, ojú ẹsẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sára ògiri pé, ta nìyẹn? Nígbà tó padà wá, ìdáhùn ti wà níbẹ̀: "Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ẹlòmíì á ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá Ìbejì ò sá. Ẹ̀rù bà á o, àmọ́ ó lúgọ sí kọ̀rọ̀. Bí ojú ọjọ́ ṣe ń ṣú, ọwọ́ kan rọra gba ojú fèrèsé wọlé, ó mú pẹ́ńsù pẹlẹbẹ bíi tàwọn káfíńtà dání, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ìka kan ti gé lára rẹ̀. Ó mọ ọwọ́ náà.

"Bàbá Káfíńtà, ẹ̀yin ni?"

Ọwọ́ náà dúró gbagidi. Bàbá ní kó rọra sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ayùn ti gé òun lẹ́sẹ̀ lòun náà ti ń gba owó ìrànwọ́, òun ò sì lè gun àbáwọlé ahoro náà. Yíya àwòrán ilé lòun fẹ́ kọ́, kóun lè máa jókòó ṣiṣẹ́; ìṣirò ara ògiri yìí lòun fi ń gbára dì. Ìyá Ìbejì wá bi í pé ta ló sọ òfin yẹn fún un gan-an.

Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Ọkọ rẹ ni."

Òtútù mú obìnrin náà. Ó wá rí i pé òkú tó wà nínú ilẹ̀ ló di òun mú lẹ́sẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kò sì sẹ́ni tó lè lọ bi í bóyá òótọ́ ni.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì gba ọ́fíìsì ìrànwọ́ lọ. Obìnrin tó dá wọn lóhùn ń wá awò ojú rẹ̀ kiri, orí rẹ̀ náà ló sì wà. Ó gbọ́ tẹnu wọn, ó mi orí.

"A kì í torí ìwé gé owó ẹnikẹ́ni níbí," ó ní. "Ẹ ṣáà máa sọ fún wa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sọ la máa ń bá wá ìrànlọ́wọ́ sówó ilé ẹ̀kọ́."

Ìyá Ìbejì sunkún. Àwọn ọdún tó ti lọ lásán ló ń dùn ún.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé omi àti àkísà lọ láti fọ ògiri náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kẹta ti débẹ̀. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì, kì í ṣe pẹ́ńsù. Èédú ni wọ́n fi kọ ábídí wọ́gọwọ̀gọ sí ìsàlẹ̀ ògiri.

Ìyá Ìbejì fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún onítọ̀hún. Bàbá dá a dúró. "Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ábídí, báwo ló ṣe fẹ́ kà á?" Ni wọ́n bá jókòó, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan lójú fèrèsé, wọ́n ń retí ẹni tí wọn ò mọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá ń gba owó ìrànwọ́ tí ìwé sì ń wù yín, ẹ má gba òfin nídìí ẹ̀rọ omi. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń san owó náà, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kọ́, kí ẹ sì béèrè ìrànlọ́wọ́ tó wà. Bí ẹ bá sì ní aládùúgbò tí kò mọ̀wé kà, ẹ ka èyí sí i létí. Ó lè jẹ́ òun ni wọ́n ń dúró dè.