Páálí Orin Ìgboro

Ìjà ni mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwo orin lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí olólùfẹ́ mi. Wọ́n to àwo orin mi kan ṣoṣo sórí pẹpẹ kan, wọ́n lẹ páálí sókè rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i: ORIN ÌGBORO.

"Ta ló kó mi mọ́ àwọn ọmọ ìta?" Mo bi ọmọbìnrin tó ń tajà.

"Ẹ káàárọ̀ ná, sà." Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn oníbàárà ló ń wọlé pé orin ìgboro làwọn fẹ́. Tí mo bá tọ́ka síbẹ̀, wọ́n á rí yín. Tí mo bá yọ páálí, ta ló máa mọ̀ yín?"

"Orin mi ò nílò orúkọ."

"Olórí Kunkun! Ajá pàápàá ní orúkọ tí wọ́n fi ń pè é wá jẹun."

Orúkọ tó sọ mí nìyẹn. Kí oṣù náà tó parí, ojoojúmọ́ ni mò ń ti ibi iṣẹ́ yà síbẹ̀ láti bá a jiyàn, pẹ̀lú òórùn irin lára aṣọ mi. Mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́rin. Irin ni mò ń jó jẹun, gìtá ni mo fi ń tu ara mi nínú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mi bẹ́ẹ̀. Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi tí mi ò bá rí i.

Lọ́jọ́ tó mú mi lọ sílé, ó bẹ̀ mí lẹ́nu ọ̀nà: "Olólùfẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ọ̀rọ̀ páálí sílẹ̀."

Bàbá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. "Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ kò ní febi pa ọmọ mi," ó ní. Lẹ́yìn náà ló béèrè: "Irú orin wo gan-an lo ń kọ?"

Oṣù méje ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí nínú. "Kì í ṣe orin ìgboro, sà. Ẹni tó hùmọ̀ orúkọ yẹn, etí rẹ̀ ti di."



"Ìyàwó mi ni," bàbá náà ní. "Akọrin ni. Àwọn ọlọ́lá ní orin ìgboro lásán ló ń kọ, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó gba àwo rẹ̀. Ó ní ká ṣí tiwa, ká sì kọ èébú náà síbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ páálí yẹn kó tó di olóògbé."

Ẹ̀bẹ̀ ló kàn. Olólùfẹ́ mi ń fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n inú bí mi pé ó mọ̀, kò sì sọ fún mi. Mo dìde, mo jáde.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni olólùfẹ́ mi fi bẹ̀ mí.

"Ẹ wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ àwo mi kúrò lábẹ́ páálí yẹn."

"Páálí ìyá mi nìyẹn o!"

"Mo mọ̀."

Mo mọ̀ lóòótọ́. Mo sì mọ̀ pé páálí yẹn ló jẹ́ kí àwọn tó ra àwo mi rí i rà. Síbẹ̀, mo kọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá bá mi níbi iṣẹ́. Ó ti rù.

"Télọ̀ kan ti wá tọrọ mi. Bàbá mi ti gbà, èmi ò tíì gbà. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan, ìfẹ́ mi, kí n rí nǹkan mú lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Mo fi ìbòjú iṣẹ́ bojú, mo ki iná bọ irin. Iná ń ta pàràpàrà láàrin wa. Irin tí kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, mo jó o títí ó fi lu. Nígbà tí mo ṣíjú, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́.