Ọdún Ìbí Rahimath

Ní ilé Liamidi aránṣọ, ní àdúgbò Akron, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì ló fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Kouboura ni àgbà, Rahimath ni àbúrò. Ìyá wọn yàtọ̀.

Kò sí oníbàárà tó wọlé tí Liamidi kò ní sọ fún pé, "Rahimath yìí ni yóò kọ́ afárá fún wa." Kouboura á máa gbọ́, á máa lọ aṣọ, ara rẹ̀ á máa ta. Òun náà mọ ìṣirò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń to ìwé ìforúkọsílẹ̀ jọ, Rahimath ní kí Kouboura bá òun yẹ tòun wò. Kouboura rí i pé ọdún ìbí tó wà lórí ìwé máàkì tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún un kò bá ti ìwé ìbí mu. Ó dá ìwé náà padà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló sọ.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ó fi ohun tó rí pamọ́. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé kí wọ́n lé Rahimath padà lẹ́ẹ̀kan, kí Bàbá rí i.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìforúkọsílẹ̀ parí, Mùsíè Édouard, olùkọ́ ìṣirò àdúgbò, wá gba ṣòkòtò rẹ̀.

"Ẹ tún ìwé àwọn ọmọ yẹ̀ wò," ó sọ fún Liamidi. "Wọ́n á fi orúkọ, ọjọ́ ìbí àti máàkì wéra. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, wọ́n lè yọ ọmọ náà kúrò."

Rahimath rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi yẹ tèmi wò."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Kouboura. Ó gbé irin ìlọṣọ sílẹ̀. "Bàbá, ọdún ìbí rẹ̀ kò bára mu. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀."

"Ẹ rí i, ẹ wá ní ó dáa?" Rahimath bi í.

"Mo rí i. Orúkọ tìrẹ nìkan ni wọ́n ń dá nílé yìí."

Liamidi wolẹ̀. Rahimath mú abẹ tí wọ́n fi ń tú aṣọ, ó fẹ́ ha ọdún ìbí náà kúrò lórí ìwé máàkì. Édouard di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bí o bá fọwọ́ ara rẹ tún un ṣe, o ti sọ ọ́ di ayédèrú. Mú ìwé ìbí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ, kí wọ́n kọ ìwé máàkì mìíràn, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i."

Kouboura ló bá a lọ. Ilé ẹ̀kọ́ kọ ìwé máàkì tuntun fún Rahimath, ó sì forúkọ sílẹ̀ kí àkókò tó tán.

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, orúkọ Rahimath wà nínú àwọn tó wọlé. Kouboura kò wọlé. Ó sunkún, owú ṣì ń jó o. Rahimath wá jókòó tì í.

"Bí ẹ bá dákẹ́ ni, n kì bá tí wọlé."

"Mo mọ̀. Fún mi ní ìwé ìṣirò rẹ. Mo fẹ́ tún ìdánwò náà ṣe."

Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi gbogbo ìwé wéra kí ẹ tó fi wọ́n forúkọ sílẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà, ilé ẹ̀kọ́ tó kọ ọ́ ni kó tún un ṣe. Ẹ má fọwọ́ ara yín pa á dà. Bí ẹ bá sì rí i nínú ìwé ẹlòmíràn, ẹ tètè sọ fún un, bí inú yín kò tilẹ̀ dùn sí i.