Ẹ̀gbọ́n, Ẹ Wo Inú Pàǹtí

Nígbà tí Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Lahti fi máa sọ̀kalẹ̀ dé yàrá abẹ́ ilé Norval Haugen ní Duluth, ìlú olótùútù kan ní Amẹ́ríkà, òkú ọkùnrin náà ti gan bí igi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dá. Ó gbá ẹ̀rọ tí ó fi ń gba ímeèlì, tí ó sì fi ń fi í ránṣẹ́, mọ́ra bí ẹni tí ń yáná. Ẹ̀rọ náà ṣì ń kùn. Àpá èékánná wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.

Verna, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ni ó rí i nígbà tí ó fẹ́ kó oúnjẹ sí fìrísà tó wà níbẹ̀. Òun àti Marlys, opó, jókòó ní ilé ìdáná, kọfí ń tutù níwájú wọn.

"Ìyáàfin, ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn náà láti ìta?" Lahti bi opó.

"Mo máa ń tì í kí òtútù má baà gòkè wá, ọ̀gá. Adágún ni mo rò pé ó lọ, pé ó ń pẹja lórí omi dídì."

"Òótọ́ ni," Verna dáhùn. "Ó kọ ímeèlì sí mi pé òun ń lọ, kí n má wá òun. Bí mo ṣe ṣí fóònù báyìí, ímeèlì náà ló wà lókè pátápátá."

"Àwọn ímeèlì rẹ̀ yòókù ńkọ́? Ibo ni wọ́n máa ń bọ́ sí?"

"Inú àpótí pàǹtí ni, pẹ̀lú ti àwọn oníjìbìtì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ímeèlì ńlá kì í fọkàn tán ẹ̀rọ téèyàn dá gbé kalẹ̀ sílé ara rẹ̀. Bó bá ti kọ ọ́ tán, á tún pè mí: 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo inú pàǹtí.' Èmi á ní, 'Àbúrò, ṣebí o ti pè mí, sọ ọ́ ká gbọ́.'"

"Èyí ńkọ́? Kí ló dé tí kò bọ́ síbẹ̀?"

Lahti yíjú sí opó.

"Kò ti inú ẹ̀rọ Norval wá ni. Ẹnì kan ṣí àdírẹ́sì tuntun ní orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Norval kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Fóònù rẹ̀ sì nìyí lórí fìríìjì. Ìyáàfin, ẹ mọ̀ pé ó wà nísàlẹ̀."

Marlys rọra gbé kọfí rẹ̀ mu.

"Nígbà tí ìyá mi ń kú lọ, ẹ̀rọ yẹn ni mo fi ń kọ̀wé sí i, torí Norval ò gbà ká lo òmíràn nílé yìí. Màmá ò rí ẹyọ kan. Ó kú, ó ń rò pé mo ti kọ òun sílẹ̀. Norval ní kì í ṣe ẹ̀bi òun. Nígbà tó wá ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó ní kí n pe dókítà. Mo ní kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ pè é. Ẹni bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù."

Lahti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, Marlys bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní wo inú pàǹtí? Ó dájú pé ó kọ ọ́ sí yín."

"Ẹ má ṣí i," ni Lahti wí, ṣùgbọ́n ìka Verna ti tẹ̀ ẹ́. Ímeèlì Norval tò léra wọn níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Èyí tí ó kẹ́yìn kúrú jù:

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí fóònù pè yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú pàǹtí."